Etí Jòsáyà àti Ẹ̀ga Onífìlà Pupa

Ta ló sọ gbólóhùn yẹn gan-an: ṣé Ìyá Àdúrà Bọ́láwùmí ni, àbí èmi tí mo mú pẹ́ńsù dání? Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń bi ara mi. Mo ti gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀. Mo ti kúnlẹ̀ bi Ọlọ́run, mo sì panu mọ́ lẹ́yìn àdúrà kí n lè gbọ́ èsì. Mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni akọ̀wé ìran nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Agbówó. Ohun tí Ẹ̀mí bá gbẹnu ìyá àdúrà sọ, èmi ni mò ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ọdún 1984 ṣì wà nínú àpótí mi. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀, ọwọ́ mi ni, kò sí iyèméjì ní ti ìyẹn. Ohun tí ìwé kò lè sọ fún mi ni ẹnu tó ti jáde.

Ẹni tí gbólóhùn náà bá ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀. Jòsáyà Adéróunmú lorúkọ rẹ̀.

Ní ẹ̀yìn títì tó kọjú sí yunifásítì ni Jòsáyà àti Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ ń gbé, nínú yàrá méjì, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan níwájú tí Sẹ̀gilọlá ti ń ránṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Ọlárónkẹ́, ti lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin. Ọdẹ ni bàbá Jòsáyà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí òun ti wọ aṣọ funfun nínú ìjọ wa ni kò ti fọwọ́ kan ìbọn mọ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò rọrùn láti ṣàlàyé fún ará àdúgbò. Ó ń mú àwọn òyìnbó wọ igbó lọ wo ẹyẹ. Wọn kì í pa ẹyẹ náà, wọn kì í mú un, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọ́n á wò ó, wọ́n á kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé pélébé kan, inú wọn á dùn bí ẹni pé ọmọ wọn tó sọnù ló padà wálé, wọ́n á sì tún máa wá òmíràn kiri.

Ògúnlẹ́yẹ tó ń lẹ táyà lẹ́bàá ọ̀nà kì í jẹ́ kó sinmi.

"Jòsáyà, ẹyẹ kan wà lórí máńgòrò ẹ̀yìnkùlé mi o. Lọ pe àwọn òyìnbó ẹ."

"Irú ẹyẹ wo ni?"

"Èyí tó ṣu sórí aṣọ ìyàwó mi láàárọ̀ ni. Bóyá wọ́n á fẹ́ kọ ìyẹn náà sílẹ̀."

Jòsáyà á rẹ́rìn-ín. "Bó bá tún wá, fetí sí ohùn ẹ̀ kó o wá sọ fún mi bó ṣe dún. Mo lè sọ irú èyí tó jẹ́ fún ẹ láìdìde níbí."

Kì í sì í ṣe fáàrí. Etí ni Jòsáyà fi ń ríran. Bó bá ti wọ igbó, á ṣí fìlà, á fi há abíyá, á sì dorí kodò. Kì í wòkè rárá. Awò awọ̀nàjíjìn tí àwọn òyìnbó ń gbé kọ́rùn, kò gbé irú rẹ̀ rí. Á máa lọ níwájú, àwọn àlejò á máa tẹ̀ lé e jẹ́jẹ́. Bó bá gbé ọwọ́ òsì sókè, gbogbo wọn á dúró. Á sọ orúkọ ẹyẹ tó ń ké, á wá súfèé bíi tirẹ̀. Ẹyẹ náà á dá a lóhùn, á sún mọ́ tòsí, Jòsáyà á sì fi àgbọ̀n júwe ibi tó bà sí. Kì í na ìka sí ẹyẹ. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀, pé ẹyẹ mọ ìka, kò mọ àgbọ̀n. Ìgbà yẹn ni àwọn àlejò á tó gbé awò wọn sójú. Ó mọ ẹlúlùú, ó mọ àtíòro, ó mọ òpéèrè, ó mọ àwọn wẹ́wẹ́ tí èmi ò mọ̀ pé wọ́n lórúkọ. Ó sọ fún mi nígbà kan pé igbó láàárọ̀ dà bí ìjọ wa lásìkò tí kálukú ń gbàdúrà tirẹ̀: ariwo ni létí àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ará ilé á mọ ẹni tó ń ké àti ohun tó ń ké fún.

Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni Màdáámù Páákà, òyìnbó obìnrin kan tó ń kọ́ni ní yunifásítì, tó ń gbé ní Bódìjà. Láràárọ̀ Sátidé, màdáámù á gbé àwọn àlejò láti ilé ìgbàlejò ní Jẹ́ríkò, á yà gbé Jòsáyà ní Agbówó, wọ́n á sì forí lé igbó ńlá kan tó wà lẹ́yìn Apẹ́tẹ̀. Ìparí ọdún 1984 ni màdáámù máa padà sí ìlú rẹ̀. Ó ti sọ fún Jòsáyà pé òun á fi gbogbo iṣẹ́ náà lé e lọ́wọ́, pé orúkọ Jòsáyà ni àwọn lẹ́tà láti òkè òkun á máa bá wá. Àwọn mẹ́jọ máa wá ní Oṣù Kejìlá, nítorí ẹyẹ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á lọ ròyìn rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn, iṣẹ́ Jòsáyà á sì dúró.

Ẹyẹ ọ̀hún, Ìbàdàn ni wọ́n fi sọ lórúkọ nínú ìwé wọn. Jòsáyà ń pè é ní ẹ̀ga onífìlà pupa, torí nínú àwòrán inú ìwé náà, dúdú ni ara rẹ̀ látòkè délẹ̀, àfi orí àti àyà tó pọ́n. Ó ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn kan wà tó ti ń wá a láti ọjọ́ pípẹ́ tí wọn ò fojú kàn án. Akọ kan àti abo kan wà nínú igbó Apẹ́tẹ̀ yìí, Jòsáyà nìkan ló sì mọ igi wọn. Ohùn wọn ló fi wá wọn rí: ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, lẹ́yìn náà ìfà kan tín-ín-rín, bí ẹ̀rọ ìránṣọ tí òróró ti gbẹ nínú rẹ̀.

"Ìwọ lo kọ́ ẹyẹ yẹn lórin," ló máa ń sọ fún Sẹ̀gilọlá.

"Kó wá sanwó ẹ̀kọ́," ìyẹn á dá a lóhùn.

Nígbà òjò ọdún yẹn ni ikọ́ mú Jòsáyà. A gbàdúrà sí i, a fi omi ìyàsímímọ́ fún un mu, ṣùgbọ́n ikọ́ ò lọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jáde, Sẹ̀gilọlá ò bi ẹnikẹ́ni mọ́, ó mú un lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ikọ́ ife ni. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò máa gbé mì, wọ́n sì ní yóò gba ọgọ́ta abẹ́rẹ́, ọ̀kan lójúmọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń gún un, Àmínà, ọmọ Sábó ni, ẹnu rẹ̀ dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́. "Bàbá, ẹ tú ṣòkòtò, ẹ má tijú. Ìdí tí mo ti rí nílé ìwòsàn yìí, tí mo bá ní kí n máa kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀ á ṣú." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan, ó máa ń fi àwàdà sílẹ̀. "Bàbá, etí yín ńkọ́? Kò hó? Ilẹ̀ ò yí yín? Oògùn yìí lágbára o. Bẹ́ ẹ bá ti gbọ́ nǹkan kan nínú etí, ọjọ́ náà gan-an ni kẹ́ ẹ sọ fún mi, ká pààrọ̀ ẹ̀."

"Etí mi dáa," ni Jòsáyà máa ń wí, òótọ́ sì ni, títí di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó jí láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó gbọ́ nǹkan tó ń dún wínrín bí agogo kékeré tí wọ́n mì lọ́nà jíjìn. Ó jáde síta, ó ń bá a bọ̀. Ó bomi bọ́jú, kò lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, àní kò sọ fún Sẹ̀gilọlá. Ó pinnu pé tó bá di ọjọ́ Ajé, òun á sọ fún Nọ́ọ̀sì Àmínà.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejì rẹ̀, nígbà tí Jòsáyà wà nílé ìwòsàn, Ẹ̀mí gbé Ìyá Àdúrà Bọ́láwùmí níbi àdúrà ọ̀sán. Àwa méje péré la wà níbẹ̀, kálukú dojúbolẹ̀. Ìyá dárúkọ Jòsáyà. Wọ́n ní àwọn rí etí méjì tó ṣí sílẹ̀, àwọn gbọ́ agogo kékeré kan tó ń dún nínú wọn láti òkè wá. Mo fi etí ara mi gbọ́ ìyẹn kí n tó kọ ọ́, mo lè fi ọwọ́ lé Bíbélì lórí ìyẹn. Ọ̀rọ̀ ń yára ju ọwọ́ mi lọ, ẹnu pẹ́ńsù mi kán, mo sáré wá abẹ láti fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo padà, ìran ti ń parí lọ. Lẹ́yìn àdúrà, mo jókòó, mo kọ ìyókù bí mo ṣe rántí rẹ̀. Bí a ti máa ń ṣe é nìyẹn. Ìyá àdúrà kì í rántí ohun tí wọ́n bá sọ nínú Ẹ̀mí. Ohun tó bá wà nínú ìwé ni wọ́n sọ.

Mo da ìran náà kọ sórí bébà, mo sì mú un lọ fún Jòsáyà nírọ̀lẹ́, bí a ti ń ṣe fún ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dárúkọ rẹ̀. Ó kà á lórí ìdúró. Nígbà tó débi agogo kékeré, ó gbé ọwọ́ lé etí rẹ̀, nítorí kò tíì sọ ọ́ fún ẹ̀dá alààyè kan. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, èyí tí mi ò mọ ẹnu tó ti jáde, sọ pé: *Kí ó pa á mọ́ fún ogójì ọjọ́, kí ó má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tí kì í ṣe ti agbo.*

Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ Sẹ̀gilọlá, ó sì sunkún ayọ̀.

"Sẹ̀gi, Ọlọ́run ń bá mi sọ̀rọ̀."

Sẹ̀gilọlá dá ẹ̀rọ dúró. "Kí ló wí?"

"Kò tíì sọ nǹkan kan. Ó ṣì ń pè mí ni."

"Bàbá Ọlárónkẹ́, ẹni tó ń pe èèyàn látàárọ̀ tí kò sọ ohun tó fẹ́, ẹ jẹ́ ká bi í."

"Ogójì ọjọ́ ló ní."

Lọ́jọ́ Ajé, Nọ́ọ̀sì Àmínà bi í. "Etí yín ńkọ́, Bàbá?"

Ó wo ọmọbìnrin náà. Ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni, kì í ṣe ti agbo. "Etí mi dáa," ló wí. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun mọ̀ pé irọ́ ni, àmọ́ òun rò pé irú irọ́ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá rán èèyàn kò ní jẹ́ irọ́.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí abẹ́rẹ́ fi pé ọgọ́ta. Ikọ́ lọ, ẹran ara padà. Láràárọ̀ ó máa ń kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, á pa ojú dé, á máa fetí sí agogo náà bóyá ọ̀rọ̀ á jáde látinú rẹ̀. Ó ṣàkíyèsí pé àwọn ológoṣẹ́ orí páànù ò pariwo bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́. Ó rò pé òjò ló lé wọn. Sẹ̀gilọlá á pè é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta kó tó dáhùn. Ó ní òun ń gbàdúrà ni.

Ogójì ọjọ́ pé. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Màdáámù Páákà wá gbé e, nítorí wọ́n ti sọ pé ikọ́ rẹ̀ kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́. Ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ni àlejò ọjọ́ náà. Wọ́n wọ igbó Apẹ́tẹ̀ nígbà tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Jòsáyà ṣí fìlà, ó fi há abíyá, ó dorí kodò, ó ń lọ níwájú.

Ó rìn títí. Igbó náà dákẹ́. Ó ń sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé kí ló lé gbogbo ẹyẹ igbó yìí lọ. Ìgbà tó bojú wẹ̀yìn láti bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n ní sùúrù ló rí ojú wọn. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró. Obìnrin àlejò náà gbé ọwọ́ láyà, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ nǹkan.

"Èwo nìyẹn, Jòsáyà?" Màdáámù Páákà bi í wúyẹ́wúyẹ́ ní èdè òyìnbó.

Ètè màdáámù ni Jòsáyà fi mọ ohun tó bi òun. Láti ogún ọdún, kò sí ẹni tó gbọ́ ẹyẹ ṣáájú rẹ̀ rí nínú igbó. "Òpéèrè ni," ló wí.

Màdáámù wo ojú rẹ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó di apá rẹ̀ mú. "Jòsáyà," ló wí, ó sì gbé ohùn sókè díẹ̀, "ẹ̀ga wa ni. Ó wà lókè orí wa."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀ nínú igbó, Jòsáyà wòkè. Ó rí i. Orí ẹ̀ka gbígbẹ kan ló wà, fìlà rẹ̀ pọ́n nínú oòrùn àárọ̀. Ó rí ọ̀fun rẹ̀ tó ń wú tó ń fà, ó rí ẹnu rẹ̀ tó ń là tó ń pa dé. Agogo kékeré náà ń dún nínú etí rẹ̀. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn.

Lọ́jọ́ Ajé, ó padà lọ bá Nọ́ọ̀sì Àmínà. Ọmọbìnrin náà fi agogo ọwọ́ rẹ̀ sí i létí ọ̀tún, ó fi sí i létí òsì, Jòsáyà ò gbọ́ ìró rẹ̀.

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, Bàbá?"

"Ó lé ní ogójì ọjọ́."

"Mo bi yín." Ó ní láti wí i lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbọ́. "Gbogbo ọjọ́ Ajé ni mò ń bi yín."

"O bi mí."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má sọ?"

Jòsáyà wo ilẹ̀. Ó lè dárúkọ ìjọ wa níbẹ̀. Ó lè dárúkọ mi. "Èmi ni," ló wí. Àmínà jókòó sórí ibùsùn aláìsàn pẹ̀lú àwo abẹ́rẹ́ lórí itan.

Dókítà sọ pé oògùn abẹ́rẹ́ náà ló ba etí rẹ̀ jẹ́, pé èyí tó lọ kò lè padà. Kékeré kékeré ni ìyókù náà ń lọ. Àwọn àlejò mẹ́jọ dé ní Oṣù Kejìlá. Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan ló mú wọn wọ igbó, Màdáámù Páákà sì ní kí Jòsáyà máa bọ̀ lẹ́yìn nítorí pé àánú rẹ̀ ṣe é. Garawa omi mímu ló rù. Wọ́n rí ẹyẹ náà, wọ́n dì mọ́ ara wọn, wọ́n wá bọ Jòsáyà lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó rẹ́rìn-ín fún wọn. Nígbà tó délé, ó gbé fìlà kọ́ sára ògiri, kò sì dé e mọ́ títí di òní. Màdáámù lọ sí ìlú rẹ̀. Lẹ́tà kan kò bá orúkọ Jòsáyà wá.

Nísinsìnyí, ilẹ̀kùn tí wọ́n bá gbá mọ́ ògiri nìkan ló lè gbọ́, ó sì ní kò dá òun lójú pé kì í ṣe ara ni òun fi ń gbọ́ ìyẹn náà. Ó ń bá Sẹ̀gilọlá lọ aṣọ. Bí iṣẹ́ bá dínkù, á jókòó ti ẹ̀rọ, á fi àtẹ́lẹwọ́ lé pákó rẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ bá ń rán, á pa ojú dé. Sẹ̀gilọlá kì í lé e. Mo rí obìnrin náà nígbà kan tó ń wa ẹ̀rọ fún un láìsí aṣọ kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ògúnlẹ́yẹ ò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ìyẹn gan-an ló dun Jòsáyà, ó ní ìgbà tí Ògúnlẹ́yẹ dákẹ́ ni òun mọ̀ pé òun ti di ẹni tí àánú rẹ̀ ń ṣeni.

Kò fi ìjọ sílẹ̀. Ìlà iwájú ló ń jókòó sí, á máa wo ẹnu oníwàásù. Èmi náà kò fi ìjọ sílẹ̀. Mo gba Ọlọ́run gbọ́. Ohun tó ń rú mi lójú ni pé apá kan ìran náà ṣẹ kí a tó kọ ọ́, nítorí agogo náà ti ń dún ní tòótọ́. Mo bi Ìyá Àdúrà Bọ́láwùmí. Wọ́n ní, "Akọ̀wé, èmi kọ́ ni mò ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ìwọ lo kọ ọ́." Mo bi àwọn márùn-ún yòókù. Àwọn méjì ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn mẹ́ta ní àwọn ò rántí.

Ní Sátidé tó kọjá, mo lọ kí Jòsáyà. Mo mú ìwé àjákọ dání, torí bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí: èmi á kọ, òun á fẹnu fèsì. Sẹ̀gilọlá ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé wọ́n ti fi ọ̀dà pupa sàmì sára àwọn igi ẹ̀yìn Apẹ́tẹ̀, pé wọ́n fẹ́ gé igbó náà kọ́lé. Mo jókòó tì í. Mo ti pinnu pé òní ni màá sọ fún un. Mo kọ ọ́ pé: *Jòsáyà, ẹnu pẹ́ńsù mi kán lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá gbogbo ohun tí mo mú wá fún ọ ni ìyá sọ.*

Ó kà á. Ó tún un kà. Ó gbé ìwé náà sórí itan, ó ń fi àtàǹpàkò pa etí bébà náà bí ẹni tó fẹ́ kó tẹ́. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ga ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí kò gbọ́ ara rẹ̀.

"Agogo náà ṣì ń dún, Akọ̀wé. Kò tíì sọ ohun tó fẹ́."

Mo gbé pẹ́ńsù sílẹ̀.

Ó fa ètè jọ, ó sì súfèé. Ṣẹ́, ṣẹ́, ṣẹ́, ó wá fà á lọ tín-ín-rín. Sẹ̀gilọlá dá ẹ̀rọ dúró. Mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì bá ti ẹyẹ mu. Òun náà ò mọ̀. Ó tún un súfèé fún mi lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wo ojú mi.

"Ẹ ti mú ohùn ẹ̀?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ lọ sí igbó Apẹ́tẹ̀ fún mi láàárọ̀ ọ̀la, kẹ́ ẹ tó lọ ìsìn. Màá júwe igi náà fún yín. Ẹ ṣí fìlà, ẹ má wòkè. Ẹ mú pẹ́ńsù méjì dání. Ohun tẹ́ ẹ bá gbọ́ ni kẹ́ ẹ kọ wá fún mi. Bí ẹ ò bá sì gbọ́ nǹkan kan, Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò gbọ́ nǹkan kan."